Àmì Abẹ́ Ojú Hàbíbátù

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ alárinà rọrùn, kó wá bá mi ní Ẹ̀gbẹ́dá kí n sọ ti Nùrẹ́nì àti Hàbíbátù fún un. Irun ni mo ń ṣe ní tèmi. Ìyá Agnes onídìrí ni wọ́n mọ̀ mí sí láti ibùdókọ̀ Command títí dé Pleasure. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń so yìgì títí ọ̀rọ̀ àwọn méjì yìí fi wọ́ mi wọ inú rẹ̀. N kò kábàámọ̀. Bí mo bá rántí rẹ̀ lónìí, ẹ̀rín ló máa ń pa mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibì kan wà nínú rẹ̀ tí n kò lè sọ kí ohùn mi má gbọ̀n.

Hàbíbátù ni télọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tó fara ti tèmi. Ọmọ Ìbàdàn ni. Òun àti bàbá rẹ̀, Bàbá Ràímì tó ń tún rédíò ṣe, ló jọ ń gbé lẹ́yìn ilé wa; ìyá rẹ̀ ti dolóògbé láti ìgbà tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà dúdú, ó ga, kì í pariwo, ó sì ní àmì dúdú kan lábẹ́ ojú rẹ̀ òsì. Àmì yẹn kò ju orí ìṣáná lọ. Ó rí roboto, ó yọ díẹ̀ lára awọ, ibi tí omijé máa ń gbà sọ̀ kalẹ̀ gan-an ló jókòó sí. Àwọn oníbàárà mi fẹ́ràn rẹ̀ débi pé àwọn kan nínú wọn ń fi pẹ́ńsù ojú tọ́ irú rẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tiwọn bí wọ́n bá ń lọ sóde.

Ohun tí Hàbíbátù ń fi pamọ́ ní tirẹ̀ ni etí rẹ̀ ọ̀tún. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ọmọge, ó lu etí náà ní ihò kejì bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe, ṣùgbọ́n ojú ibẹ̀ kò san bí ti ẹlòmíràn. Ó ń wú, ó ń le, títí ó fi tó kóró àgbálùmọ̀. Èmi tí mò ń dirun fún un nìkan ló máa ń rí i. Kí n tó di ẹsẹ̀ irun tó kẹ́yìn tán, á ti na ọwọ́ sí síkáàfù rẹ̀.

Lọ́dún 1987, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi já. Wọ́n ní káfíńtà kan wà ní Pleasure tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, pé òun ló ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù fún àwọn ọ̀gá ní Gowon Estate. Mo ránṣẹ́ pè é, ó wá. Nùrẹ́nì Àjíṣafẹ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọkùnrin kúkúrú tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn náà tán, ó gbójú sókè, ó rí Hàbíbátù níbi tó ti ń gé aṣọ, ó sì gbàgbé òòlù rẹ̀ sórí àga mi, ó lọ.

Bí wàhálà ilẹ̀kùn mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó padà wá mú òòlù, ó ní ilẹ̀kùn náà fẹ́ wọ́. Nígbà tó tún dé, ó ní kọ́kọ́rọ́ kò jókòó dáadáa. Lẹ́yìn náà ó ní òun kàn fẹ́ wò ó bóyá ó ń dún. Èmi kò rí ilẹ̀kùn tó ń ṣàìsàn tó báyẹn rí.

"Nùrẹ́nì," mo ní, "ilẹ̀kùn mi lò ń tọ́jú ni, àbí ojú ara ẹ?"

"Ẹ má bínú, Ìyá Agnes. Igi yẹn ló tutù."

"Igi ló tutù, àbí ìwọ lo gbóná?"

Hàbíbátù gbọ́ wa láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó tẹrí ba mọ́ maṣíìnì, ó ń wà á kíkankíkan, aṣọ kò sì sí lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Nígbà tí Nùrẹ́nì rí i pé ilẹ̀kùn kò ní àrùn kankan mọ́ tí òun lè dá sí i lára, ó gbé ṣòkòtò kan wá fún Hàbíbátù, ó ní ó ya. Ọmọbìnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ fi bíléèdì ya èyí. Aṣọ tó bá ya fúnra ẹ̀ kì í gún báyìí."

"Ẹ ṣá bá mi rán an."

"Kí ló dé tó jẹ́ ojú mi lẹ ń wò, tí ẹ ò wo ṣòkòtò yín?"

"Àmì yẹn ni mò ń wò. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa ń kúrò níbẹ̀."

"Kò ní í kúrò. Wọ́n bí i mọ́ mi ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Nùrẹ́nì ní. "Èmi náà ò ní í kúrò."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di alárinà, èmi tí mo kàn ní kí wọ́n bá mi kan ilẹ̀kùn. Nùrẹ́nì á bẹ̀ mí kí n bá òun sọ̀rọ̀, Hàbíbátù á ní òun ṣì ń rò ó. Ìfẹ́ wà lójú ọmọ náà, ẹni tó bá fọ́jú nìkan ni kò ní í rí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Ó sọ fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé, "Ojú mi ló rí, Ìyá Agnes. Bó bá wá rí etí mi ńkọ́?"

"Fi hàn án, kó o mọ irú ẹni tó jẹ́."

Ó fi hàn án níṣojú mi. Ó tú síkáàfù, ó kọ etí sí i. Nùrẹ́nì bẹ̀rẹ̀, ó wo kókó náà bó ṣe máa ń wo pákó kó tó rà á. "Èmi tí mò ń bá igi ṣiṣẹ́?" ó ní. "Igi tí kò bá ní kókó, igi yẹn ò tíì gbó." Hàbíbátù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí ló ṣíhùn, ó ní òun gbà, ká lọ sọ fún àwọn àgbà.

Àwọn àgbà! Ibẹ̀ lẹsẹ̀ ti kọ.

Ìyá Nùrẹ́nì gbéra láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá wo ọmọ náà kí wọ́n tó wá tọrọ rẹ̀. Mọ̀dínátù lorúkọ rẹ̀. Opó ni. Nùrẹ́nì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgẹ́tàgẹ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, elùbọ́ ló sì ń tà tó fi tọ́ ọmọ kan ṣoṣo náà dàgbà. Kò wá lọ́wọ́ òfo o. Ó gbé elùbọ́ wá fún mi, ó gbé mọ́ńgòrò àti àpò kóró kajú tútù wá fún ìyàwó rẹ̀, pé kó máa yan án jẹ. Hàbíbátù kúnlẹ̀ kí i, ó gbé omi fún un, ó gbé oúnjẹ. Inú obìnrin náà dùn, ó ń ṣàdúrà lọ ràì. Ó wá fà á lọ́wọ́ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó ní, "Gbójú sókè, ọmọ mi, kí n rí ẹ dáadáa."

Àdúrà náà dá lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí Hàbíbátù lọ kó àwo, ó dì mí lápá mú. "Ìyá Agnes, ẹ ò rí i ni? Ọ̀nà omijé ni àmì yẹn wà! Obìnrin tó bá ní in, á sunkún ọkọ. Àǹtí mi Àsíátù ní irú ẹ̀, ọkọ méjì ló sin. Èmi tí mi ò ní in pàápàá, mo sin ọ̀kan, mo mọ bó ṣe rí."

"Ẹ jọ̀ọ́, màmá, àwọn èèyàn ń fi pẹ́ńsù tọ́ ọ síbi tiwọn ni."

"Kí wọ́n máa tọ́ ọ. Ọmọ kan ni mo bí. Àmì ọlà ni Ọlọ́run fún tèmi, abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ ló wà, ọdún tó gba fìrídọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀ ló yọ, láti ìgbà náà iṣẹ́ ò wọ́n lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó tẹ ọlà mọ́lẹ̀ báyẹn, ẹ wá fẹ́ kó lọ fẹ́ omijé?" Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Mi ò kọ ọmọ yẹn o. Mo fẹ́ràn ẹ̀. Àmì yẹn ni mo kọ̀. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, ká wá tọrọ ìyàwó wa."

N kò lè bínú sí i. Ìkà èèyàn ni èèyàn ń bínú sí, ẹ̀rù ló ń ba ìyá yìí.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Bàbá Ràímì lọ. Wọ́n ní alárinà kì í kúrò nílé àna kó má yó. Èébú ni mo yó lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sáàárín àwọn rédíò tí inú wọn ṣí sílẹ̀, ó gbọ́ mi tán, ó gbé irin ìjórin ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Kí wọ́n gé ojú ọmọ mi? Ṣé àgbàdo ni?"

"Bàbá, ẹ ṣe sùúrù."

"Ìyá ẹ̀ ní irú àmì yẹn, ojú kan náà. Ṣé o gbọ́? Èmi ọkọ ẹ̀ rèé, mò ń mí. Òun ló lọ. Bí mo bá fẹ́ rí i báyìí, ojú ọmọ mi ni mò ń wò. Lọ sọ fún wọn, bí abẹ bá fi kan ojú Hàbíbátù, kò sí ìyàwó fún ẹnikẹ́ni."

Mo sọ ọ́ fún Ìyá Nùrẹ́nì bó ṣe sọ ọ́. Ó mirí, ó ní, "Ọlọ́run ló yọ tiẹ̀. Ta ló mọ̀ bóyá á yọ tèmi?" Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan ní kí wọ́n yọ ọ́ kí ìyàwó tó ṣeé fẹ́, èkejì ní bí wọ́n bá yọ ọ́, ìyàwó kò ṣeé fẹ́ mọ́. Àwọn ọmọ méjèèjì wà láàárín bí ẹran tí wọ́n so mọ́ òpó méjì.

Ìròyìn kì í sùn sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Láìpẹ́, gbogbo ẹni tó bá wá dirun ló ń gbé oògùn wá. Ọ̀kan ní kí wọ́n fi irun ìrù ẹṣin so ó ní ìdí títí á fi gbẹ bọ́. Ọ̀kan ní omi bátìrì mọ́tò ni, ẹ̀kán kan péré. Òmíràn ní àwọn onígbàjámọ̀ ń fi abẹ ha á, pé kò pẹ́ rárá. Èmi ń rẹ́rìn-ín, n kò mọ̀ pé Hàbíbátù ń gbọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí iṣẹ́ kò sí, mo ti ìyànà dé, mo bá a níwájú dígí mi. Ó ti fọ́ ọ̀kan nínú kóró kajú tí ìyá ọkọ rẹ̀ gbé wá. Òróró dúdú inú èèpo rẹ̀ wà lórí ẹyọ igi ìgbálẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń gbé e lọ sábẹ́ ojú. Ẹ mọ òróró yẹn. Òun ni àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń kọ orúkọ sára, tí awọ á jó, tí á bó, tí orúkọ náà kì í sì í parẹ́ mọ́.

"Hàbí!"

Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Òróró náà ta sí ọrùn ọwọ́ mi. Ó jókòó sílẹ̀, ó fọwọ́ bojú, ó ń sunkún.

"Ṣé o fẹ́ fọ́jú ni?"

"Díẹ̀ péré ni mo fẹ́ fi sí i. Mo fẹ́ ẹ, Ìyá Agnes. Mo fẹ́ Nùrẹ́nì. Bó bá jẹ́ nǹkan tí kò tó orí ìṣáná ló máa gbà á lọ́wọ́ mi, kí ni mo fẹ́ fi ojú tó kù ṣe?"

Mo gbá a mọ́ra. Mo sọ fún un pé Nùrẹ́nì fẹ́ ẹ, pé kò sí àmì tó lè yí ìyẹn padà, ṣùgbọ́n lọ́kàn mi èmi náà kò mọ̀. Kì í rọrùn fún ọkùnrin tí opó tọ́ láti kọ ọ̀rọ̀ sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Mo ti rí i níbi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, tó ń rẹ́ pákó tó ti dán.

Nígbà tí Nùrẹ́nì dé tó rí ọwọ́ mi, ibi tí òróró náà kán sí ti roro, ó ti ń bó. Ó wò ó, ó wo Hàbíbátù. N kò rí ìbínú rẹ̀ rí àfi ọjọ́ náà.

"Bó o bá fẹ́ yọ àmì yẹn torí pé ìwọ ò fẹ́ ẹ, a máa wá ibi tí wọ́n ti ń yọ ọ́ tí kò ní í pa ẹ́ lára. Èmi fúnra mi ni màá mú ẹ lọ. Àmọ́ kó o máa jó ara ẹ torí màmá mi? Rárá o."

"Màmá yín ò ní í gbà."

"Mo mọ̀," ó ní. Ọ̀rọ̀ kan yẹn ló dun ọmọ náà jù.

Sísítà Kẹ́mi, nọ́ọ̀sì kan láti Gowon Estate, ló là wá lójú. Ó jókòó lábẹ́ ọwọ́ mi, ó rí ojú ọgbẹ́ náà, mo ròyìn fún un. "Ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ máa pa ara yín!" ó ní. "Dókítà tó jẹ́ pé awọ ara nìkan ló ń wò wà nílé ìwòsàn ńlá tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ lọ bá a. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe sí àmì tí kò ní í sọ fún yín."

Ibẹ̀ ni mo ti fi hàn pé iṣẹ́ alárinà kì í ṣe ti òpè. Mo sọ fún Ìyá Nùrẹ́nì, tó ṣì wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, pé ká jọ lọ, kó lè fojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń yọ àmì. Mo sọ fún Bàbá Ràímì pé dókítà kàn fẹ́ wò ó ni. Ó ní, "Ojú ni kí wọ́n fi wò ó o." Òótọ́ ni mo sọ fún àwọn méjèèjì, ìdajì ìdajì ni mo kàn pín in. Nùrẹ́nì náà tẹ̀ lé wa lọ.

Dókítà Olútáyọ̀ ni dókítà náà, obìnrin tó ti ń hewú. Irun rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò, àṣà iṣẹ́ ni. Kòlẹ́sẹ̀ ni, wọ́n dì í dáadáa, ọkàn mi sì balẹ̀. Ó ní kí Hàbíbátù jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó gbé awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá sí àmì náà.

"Láti ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀?"

"Wọ́n bí i mọ́ mi ni, mà."

"Ṣé ó ń tóbi sí i? Ó ń yún ẹ? Ó ń ṣẹ̀jẹ̀?"

"Rárá, mà."

"Àmì jẹ́ẹ́jẹ́ ni, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Bó o bá fẹ́ kí n yọ ọ́, mo lè yọ ọ́. Màá gún ẹ lábẹ́rẹ́ níbẹ̀ kó o má bàa mọ̀ ọ́n lára, màá gé e, màá rán ojú ibẹ̀, màá sì fi èyí tí mo gé ránṣẹ́ sí àwọn tó ń yẹ irú ẹ̀ wò. Àwọn kan ń fi òtútù líle pa á. Èmi kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún awọ dúdú, ó lè fi ojú ibẹ̀ sílẹ̀ ní funfun, a ò sì ní í rí nǹkan kan yẹ̀ wò. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó fi okùn so ó, tàbí kó da nǹkan tó ń jóni sí i."

Mo fa ìborùn mi bo ọrùn ọwọ́. Ó ti rí i.

"Ìyá, kí ló ṣe yín lọ́wọ́?"

"Kajú ni, mà," mo ní, bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò.

Ó ní kí Hàbíbátù tú síkáàfù kí òun rí gbogbo ojú. Ìgbà tó rí etí ọ̀tún, ó fi ìka tẹ kókó náà, ó gbé awò rẹ̀ kalẹ̀. "Èyí yí ọ̀rọ̀ padà. Ihò abẹ́rẹ́ ló di báyìí. Awọ tìẹ kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró bó bá ń jinná. Bí mo bá gé orí ìṣáná yẹn lójú ẹ, mi ò lè ṣèlérí pé ohun tó máa hù síbẹ̀ ò ní í tó ti etí yìí. Bó bá jẹ́ ọmọ mi ni ẹ́, màá ní kó o fi sílẹ̀."

Hàbíbátù wolẹ̀. Ìyá Nùrẹ́nì dìde.

"Dókítà, ẹ dákun, ẹ gé e. Ẹ ò mọ ohun tí àmì yẹn ń wí ni. Èmi mọ àmì. Ẹ wo ọmọ mi tó dúró yìí, àmì ọlà ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tiẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ yọ, kò ju orí ìṣó lọ. Bí iṣẹ́ ẹ̀ ṣe ń gbòòrò ni àmì yẹn ń gbòòrò, ó ti tó kọ́bọ̀ báyìí!"

Bírò dúró lọ́wọ́ dókítà. "Ó ń gbòòrò?"

"Ó ń gbòòrò o, alihamudulilai."

"Ṣé ó ń ṣẹ̀jẹ̀?"

Nùrẹ́nì rẹ́rìn-ín. "Ẹ má dá màmá mi lóhùn, mà. Ìṣó ló máa ń gún mi níbẹ̀ níbi iṣẹ́, ìyẹn ló fi ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

"Bọ́ bàtà ẹ."

Ó bọ́ ọ. Hàbíbátù gba bàtà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dì í mú. Dókítà gbé ẹsẹ̀ náà sórí itan ara rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Èmi náà yọjú. Kò jọ ti Hàbíbátù rárá. Etí àmì náà rí wọ́gọwọ̀gọ, ibì kan dúdú, ibì kan pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀, ibì kan sì ń ṣomi. Nígbà tí dókítà sọ̀rọ̀, ó rọra sọ ọ́. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ jẹjẹrẹ tó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí àmì. Ó ní lára àwa aláwọ̀ dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ló máa ń lúgọ sí, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Èyí ni wọ́n gbọ́dọ̀ gé, kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́.

"Àmì ọlà ni," Ìyá Nùrẹ́nì ní. Ohùn rẹ̀ ti kéré. "Mo máa ń fi òróró pa á fún un bó bá wálé."

"Ẹ ò mọ̀ ni, màmá. Ta ló ń wo abẹ́ ẹsẹ̀? Ẹ dúpẹ́ pé ẹ wá lónìí."

Wọ́n gé e ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Wọ́n gé e jinlẹ̀, wọ́n gé e kọjá etí àmì náà, wọ́n sì bu awọ láti itan rẹ̀ dí ojú ibẹ̀. Lẹ́yìn náà la bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de èsì àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tí mo ní ohùn mi máa ń gbọ̀n nìyí. Káfíńtà tó kún fún ẹ̀rín náà dùbúlẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí. Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà nìkan ló ń rìn lọ́wọ́ rẹ̀. Hàbíbátù ló ń se oúnjẹ fún àwọn méjèèjì.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Nùrẹ́nì pè é. "Hàbí, bí èsì yẹn bá burú, mi ò fẹ́ kó o dúró dè mí. Màmá mi ti jẹ ìyà opó. Mi ò ní í fi jẹ ẹ́."

Hàbíbátù gbé abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Lọ́jọ́ ṣòkòtò yẹn, kí lẹ sọ fún mi?"

Nùrẹ́nì yíjú sí ògiri.

"Ẹ ní ẹ ò ní í kúrò. Èmi náà ò ní í kúrò. Ẹ jẹun, jàre."

Ìyá Nùrẹ́nì gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Mo rí i tó fi etí ìborùn nu ojú. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, Bàbá Ràímì gbé rédíò kan wá fún Nùrẹ́nì láti máa fi gbọ́ bọ́ọ̀lù, ó sì jókòó ti obìnrin náà sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn méjèèjì kò sọ̀rọ̀ àmì. Ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sin olólùfẹ́ ni wọ́n sọ, opó àti ẹni tí aya rẹ̀ kú, títí wọ́n fi pe ìrun.

Èsì dé. Jẹjẹrẹ náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí awọ ló ṣì wà, kò tíì wọlé, wọ́n sì ti gé gbogbo rẹ̀ tán. Kó kàn máa wá kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Dókítà Olútáyọ̀ ní bó bá jẹ́ ọdún tó ń bọ̀ la wá, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ì bá máa bá wa sọ. Ṣé ẹ rántí pé ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí? Èmi ni mo kọ́kọ́ kígbe "Alihamudulilai" nínú ọgbà ilé ìwòsàn náà.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Nùrẹ́nì lọ bá Bàbá Ràímì. Kò pe alárinà. Wọ́n ní ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn rédíò, ó ní, "Ẹ fún mi lọ́mọ yín, bí Ọlọ́run ṣe dá a." Mo bínú díẹ̀ pé wọn kò pè mí síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà fún un.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n so yìgì. Èmi ni mo di irun ìyàwó, èmi náà ni mo kun ojú rẹ̀ nínú yàrá bàbá rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ fi àtíkè díẹ̀ parí rẹ̀, Hàbíbátù di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ bá mi fi pankéèkì bo àmì yẹn mọ́lẹ̀, Ìyá Agnes. Ọjọ́ ayọ̀ ni. Mi ò fẹ́ kí màmá wò ó kí ọkàn wọn má balẹ̀."

Mo bò ó. Ó bò dáadáa, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Hàbíbátù wo dígí, ojú tó rí níbẹ̀ mọ́ rekete, n kò sì mọ̀ ọ́n.

Ìyá Nùrẹ́nì wọlé láti mú ìyàwó rẹ̀ jáde. Ó gbé ojú ọmọ náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ bó ṣe ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó wò ó, ó tún wò ó. "Ta ló bò ó?" ó ní. Kí n tó la ẹnu, ó ti ki etí ìborùn tuntun rẹ̀ bọ inú búútà omi àlùwàlá tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó sì ń nu pankéèkì mi kúrò, díẹ̀díẹ̀, títí àmì náà fi yọ jáde.

"Òun ló mú ọmọ mi dé ọ̀dọ̀ dókítà," ó ní. "Ẹ wá fẹ́ sin ín sábẹ́ àtíkè."

Omijé bọ́ lójú Hàbíbátù, ó gba orí àmì náà kọjá. Mo sáré na aṣọ inura kó má bàa ba ojú tó kù jẹ́. Ìyá Nùrẹ́nì gbá ọwọ́ mi sẹ́yìn.

"Ẹ jẹ́ kó sunkún, jàre. Ọkọ ẹ̀ ń bẹ níta, ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi rìn wá."